Lókéṣọ̀n Náà, Ibi Iṣẹ́ Ni: Lẹ́tà sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ ITF

Ọ̀gá wa,

Máníjà iṣẹ́ fíìmù ni mí, Ìbàdàn ni mo fi ṣe ibùjókòó. Èmi ni mo máa ń wá ilé tí a ó ti ya fíìmù, tí mo máa ń ṣètò ọkọ̀, oúnjẹ àti jẹnẹrétọ̀. Èmi náà ni àwọn ọmọ yunifásítì máa ń mú lẹ́tà wá bá pé àwọn fẹ́ wá kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ni mo bá wá sọ́dọ̀ àjọ yín, Industrial Training Fund (ITF).

Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, bí àkókò ìkọ́ṣẹ́ (IT) rẹ̀ bá tó, ó mọ ọ̀nà tí yóò gbà. Ilé ìwé yóò fún un ní lọ́gbúùkù, iléeṣẹ́ tó gbà á yóò máa buwọ́ lù ú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá sì parí, Form 8 ń bẹ nílẹ̀ tí wọn yóò kọ. SIWES ni orúkọ ètò ìkọ́ṣẹ́ tí àjọ yín ń bójú tó yìí, láti 1973 ló sì ti wà. Mo mọ̀ pé ó ní àléébù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ₦2,500 lóṣù ni owó ìrànwọ́ ọmọ, owó tí kò lè gbé e láti Ìyànà-Ìpájà dé Ìgànmú ní Èkó kó sì gbé e padà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ló sì ti gboyè tán kí wọ́n tó rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíràn kò rí i rárá. Síbẹ̀, ètò wà.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọmọ Theatre Arts, ọmọ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ọmọ tó ń kọ́ ìtàn tàbí orin, kò sí nínú ètò yìí. Bí ẹ̀ka rẹ̀ bá ní kó lọ kọ́ṣẹ́, lẹ́tà kan tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ni wọn yóò fi lé e lọ́wọ́, òun ni yóò sì máa kanlẹ̀kùn kiri.

Ọ̀kan nínú wọn wá sí lókéṣọ̀n kan, ìyẹn ibi tí a ti ń ya fíìmù, tí mo ti ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin tó wà ní ọdún kẹta. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Wọ́n ní kó gbé agboòrùn lé òṣèré àgbà kan lórí, wọ́n ní kó lọ ra omi, wọ́n ní kó jókòó ti ẹrù. Àfi ọjọ́ tí ẹni tó ń ṣe kọntinúítì kò wá, ni wọ́n bá ní kó dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ náà le ju bí èèyàn ṣe rò lọ. A lè ya ìran ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ Ajé, kí a tó ya ti inú yàrá ní Ọjọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù, baba kàn ṣílẹ̀kùn wọlé ni. Bó ṣe ká apá agbádá rẹ̀ sókè, ibi tí fìlà rẹ̀ dá sí, bí omi inú ife ṣe kù sí, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Ọmọ náà ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Kò pẹ́ tó fi pariwo pé gèlè ìyàwó kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Olùdarí dá iṣẹ́ dúró, ó wò ó, òótọ́ ni. Látìgbà náà ni wọn kò ti rán an lómi mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́gbúùkù tí a ó kọ ọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò sì ti ilé ìwé wá. Bébà kan ni mo fi kọ ọ́ pé ó bá wa ṣiṣẹ́ dáadáa.

Bẹ́ẹ̀, lọ́gbúùkù yín lè bá iṣẹ́ wa mu: ó ní àyè fún àwòrán. Àwọn ẹnjiníà ló wà lọ́kàn ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná orí ìtàgé náà ní láti ya ibi tí iná kọ̀ọ̀kan yóò wà kó tó so ó, àwòrán sì ni ẹni tó ń ṣe aṣọ eré fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá wa, kí yunifásítì àti àwọn òṣèré jọ máa kọ́ṣẹ́ lára ara wọn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Ní 1962, Yunifásítì Ìbàdàn mú Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tó ti ń gbé eré kiri ìlú tipẹ́, wọ School of Drama. Owó Rockefeller Foundation ni wọ́n fi ṣe é, oṣù mẹ́fà ni, iye oṣù tí SIWES yunifásítì jẹ́ gan-an. Ibẹ̀ ni eré Ọ̀mùtí ti jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lánkẹ́ Ọ̀mu, láti inú ìwé Amos Tutuola. Wọ́n ṣe é ní Arts Theatre ní 1963, Demas Nwoko ló sì ṣe ọnà ìtàgé rẹ̀. Lọ́dọ̀ Ògúnmọ́lá, ojú agbo ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Ní yunifásítì, inú ìwé ni. Eré náà ni wọ́n jọ ṣe, kálukú sì rí nǹkan mú lọ lára ẹnì kejì. Owó òkèèrè ló gbé e ró nígbà náà.

Lónìí, owó wà lọ́dọ̀ yín. Òfin àjọ yín ní kí iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó ń pa ₦50 mílíọ̀nù wọlé lọ́dún, máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò yọ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, kò yọ àwọn atẹ̀wé Ìbàdàn sílẹ̀, kò sì yọ àwa onífíìmù sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbowó, íńdọ́sìrì ni wá. Bí ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wa bá dé, a kì í ṣe íńdọ́sìrì mọ́.

Ibi tí wọn yóò ti kọ́ṣẹ́ kò sì wọ́n. Ìtàgé wà ní ìpínlẹ̀ Èkó: ní Ìgànmú, ní Ọ̀rẹ̀gún, ní Ìgándò, ní Ẹ̀pẹ́. Abúlé fíìmù Kúnlé Afọláyan, olùdarí fíìmù, wà ní Igbójàyè. BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá láti 2018. Ti àkọlé ìsàlẹ̀ fíìmù wa ńkọ́? Òṣèré á pa òwe tó jinlẹ̀, ohun tí yóò hàn nísàlẹ̀ á máa sọ nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ tó lè tún un ṣe wà ní ẹ̀ka èdè Yorùbá káàkiri, wọ́n ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá tí olùkọ́ nìkan yóò kà.

Bí ẹ bá máa gbà wá wọlé, ẹ má fi òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́ ńlá wọ̀n wá. Fíìmù kan lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè pín oṣù mẹ́fà rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ onífíìmù, iléeṣẹ́ rédíò àti ilé ìtàgé, kí lọ́gbúùkù kan náà tẹ̀ lé e. Kí ẹ̀ka ilé ìwé bá iléeṣẹ́ ṣe àdéhùn tó ní ìbuwọ́lù, tó sọ iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe, tó sì sọ ibi tí yóò sùn. Ọ̀rọ̀ ibi tí yóò sùn yẹn ṣe pàtàkì: lókéṣọ̀n lè wà ní ìgbèríko, iṣẹ́ lè di òru, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí sì jẹ́ obìnrin. Ó yẹ kí olùkọ́ wá yẹ̀ wọ́n wò láìsọ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan nínú iṣẹ́ wa ò fẹ́ èyí, torí ọmọ tí kò ní ìwé àdéhùn ni wọ́n lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ pe NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì, ẹ pe SONTA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tíátà, ẹ pe TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tíátà àti fíìmù, kí ẹ jọ kọ àlàyé iṣẹ́ tí ọmọ Arts kọ̀ọ̀kan yóò máa kọ́, bí ẹ ti ṣe fún àwọn ẹnjiníà. Ó yẹ kó wà nílẹ̀ kí àwọn tó wà ní ọdún kejì lónìí tó dé ọdún kẹta. Ẹ ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn. Ọjọ́ tí ẹ bá dá, a ó wá.

Èmi ni tiyín,
Máníjà iṣẹ́ fíìmù kan, Ìbàdàn