Ta Ni Yóò Bomi Rin Tẹ̀tẹ̀ Bàbá?

Lọ́dún tó kọjá, ọgbà ẹ̀fọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ìrìn àjò ká mọ́ wa lọ́wọ́ ní ilé wa ní Ìbàdàn. Láti ìgbà tí Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ẹ̀yìnkùlé ti di ọ́fíìsì wọn. Màmá ní tiwọn ti ń sọ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé àwọn fẹ́ gun Òkè Ìdànrè. Orúnkún wọn sì ti ń dùn wọ́n báyìí. Bí a bá tún sún un di ọdún mìíràn, ó lè máà ṣeé ṣe mọ́. A dá ọjọ́ tán, Bàbá wò wá, wọ́n ní, "Ta ni yóò bomi rin tẹ̀tẹ̀ mi?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹ mú ọjọ́ ìrìn àjò kí ẹ tó gbin irúgbìn. Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́ ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 lọ tí yóò fi tó jẹ. Ṣọkọ àti ewédú a máa pẹ́ díẹ̀ sí i. Ata rodo sì ń fẹ́ ìtọ́jú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, tó sì mọ̀ pé òun yóò rìnrìn àjò láìpẹ́, kí ó fi ata sílẹ̀ ná.

Ẹ má fi ilẹ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀. Mítà kan ní ìbú àti mẹ́ta ní gígùn ti tó, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Ìgbẹ́ adìyẹ dára, bí ó bá ti jẹrà. Tútù rẹ̀ a máa jó ewéko. (Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.) Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí ó má baà hù jọ sójú kan. Ti ewédú le lẹ́yìn: ẹ da omi gbígbóná lé e lórí fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó gbìn ín.

Oṣù kẹjọ ni a yàn fún Ìdànrè, nítorí òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, àpáta tútù sì ń yọ̀. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn gan-an ni ọgbà ń fẹ́ omi. Bàbá ló rí ọ̀nà rẹ̀. Ní ọ̀la tí a ó lọ, wọ́n gé tẹ̀tẹ̀ náà, wọ́n fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè tún rú. Ewé díẹ̀ kì í mu omi púpọ̀. Wọ́n bomi rin ín dáadáa, wọ́n fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa gbà láti máa bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀fọ́ ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

Dókítà ti kọ́kọ́ yẹ orúnkún Màmá wò, ó ní kí wọ́n máa rọra gùn ún. A gba Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́, a sùn síbẹ̀, a sì dé ẹsẹ̀ òkè ní kùtùkùtù, kí àpáta tó gbóná. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ṣùgbọ́n ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, Màmá kò sì fo ọ̀kankan. Bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ṣinṣin àti omi mímu ni kí ẹ má gbàgbé. Oúnjẹ rẹpẹtẹ tí a rù gòkè, ẹrù lásán ni.

Ìlú àtijọ́ wà lókè, pẹ̀lú ààfin tí àwọn ọba ń gbé kí àwọn ará Ìdànrè tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú ìsàlẹ̀ dó. Màmá wò ó títí. Lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó sórí àpáta, wọ́n bọ́ bàtà, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá gbé fóònù sókè, wọ́n ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, kí wọ́n lè bi ọmọ aládùúgbò bóyá ó ti bomi rin tẹ̀tẹ̀.