Òpó Mápó àti Ṣíbí Ọbẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ìjà ni mo gbé wá lónìí, n kò sì ní fi bò. Àwọn kan wà láàrin wa tí wọ́n gbà pé ọnà ni ère tí wọ́n tì mọ́ inú dígí nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni aṣọ tí ìyá wọn fi pọ̀n wọ́n. Wọ́n ní ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe ni aláró ń tún ṣe, pé kò sí ìrònú níbẹ̀. Irọ́ ni.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Ní 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó, ilé olópòó ńlá tí ìjọba òyìnbó kọ́ sórí òkè, bí ẹni pé kí ẹni tó bá gbójú sókè lè bẹ̀rù. Kí ni àwọn ìyá tó ń ya àdìrẹ ṣe? Wọ́n mú òpó ilé náà, wọ́n tò ó sára aṣọ, wọ́n sì fi ṣíbí sí àárín òpó kan sí èkejì. Ṣíbí o! Ẹni tó bá ní kò sí ẹ̀fẹ̀ níbẹ̀, kí ó sọ ohun tí ṣíbí ń wá nílé ìjọba fún mi. Bí ẹlòmíràn bá sì kà á sí pé ìlú dùn, oúnjẹ sì pọ̀, n kò ní bá a jà. (Mo ní ọ̀kan nílé, n kò ní yá ẹnikẹ́ni.)

Ẹ sì ro bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ̀kọ láfún ni wọ́n ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ̀, tí wọ́n ń fi ya aṣọ funfun láìlo rúlà. Aró kì í wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Nítorí náà, ohun tí obìnrin náà ń yà, funfun ni yóò jẹ́ nígbà tí gbogbo ìyókù bá ti dúdú. Ohun tí kò tíì sí lójú ni ó ń rí. Nígbà tí Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aláró gbé ọba àti olorì sára àdìrẹ, àwọn obìnrin wa sì fi ọba Gẹ̀ẹ́sì ró ìdí.

Irun ńkọ́? Afárá Èkó dé, àwọn onídìrí gbé e gun orí. Ilé gogoro dé, wọ́n fi òwú dì í. J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí ya fọ́tò irun ní 1968, fọ́tò rẹ̀ sì ti dé ilé ọnà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Mo bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n a mọ orúkọ ẹni tó di ẹ̀rọ mú. Ta ló mọ orúkọ ẹni tó di irun?

Ìyà ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ wá lọ́wọ́lọ́wọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó gbé àwòrán àdìrẹ wọ̀, ti bá èyí tí ọwọ́ ṣe dé ọjà Ìtokú ní Abẹ́òkúta, owó rẹ̀ sì dín. Àwọn aláró ń pariwo, àwa ní Yunifásítì ń sọ pé ọ̀ràn ọjà ni. Bí ó bá jẹ́ pé àwòrán nìkan ni àdìrẹ, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti borí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í fi ọba ṣe yẹ̀yẹ́. Àwòrán àná ni ó mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀. À ń kọ́ oríkì ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n; kí wọ́n fi orúkọ àdìrẹ àti orúkọ irun kún un. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń kọ nípa aṣọ bèèrè orúkọ obìnrin tó yà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ní eré lásán ni, kí ó mú ìyẹ́ adìẹ tirẹ̀ wá. Èmi á pèsè ẹ̀kọ, kí ó ya òpó Mápó mẹ́ta péré tí yóò dọ́gba, ká wò ó.