Àrùn Là Á Wò, A Kì Í Wo Ikú

Àwọn àgbà tó pa á lówe pé àrùn là á wò, a kì í wo ikú, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn náà ló já ewé, tó wa egbò, tó gún àgúnmu, tó jókòó ti aláìsàn mọ́jú. Ẹni tó bá gbọ́ òwe yìí, tó wá rò pé ohun tó ń sọ ni pé ká káwọ́ gbera bí ọ̀rọ̀ bá ti le, kò gbọ́ ọ délé. Ààlà ni òwe náà pa. Ó ní iṣẹ́ ìwòsàn ní ibi tó parí sí. Ohun tí kò sọ, tó fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá lóye láti rò, ni iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá ti kọjá ààlà ọ̀hún.

Bó bá jẹ́ èèyàn ló ń lọ, a mọ ohun tó kù láti ṣe. A ó pe àwọn ọmọ jọ, a ó gbàdúrà, a ó máa fi omi tutù ra á létè, ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì yóò tọrọ rẹ̀. Ẹran ńkọ́? Ajá tó ti ń ṣọ́ ilé láti ìgbà tí àkọ́bí wa wà ní jẹ́lé-ó-sinmi títí ó fi wọ yunifásítì, ológbò tó lé eku kúrò nínú ilé, ẹṣin tó ń gbé ìjòyè lọ síbi ọdún, bí ikú bá dé bá wọn, kí ni ojúṣe tiwa? Ọ̀pọ̀ wa kò tíì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí rí, ìyà rẹ̀ sì ń jẹ àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹṣin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Barbaro. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ó gbégbá orókè nínú eré ìje Kentucky Derby, ó sì fi àlàfo ńlá sílẹ̀ sẹ́yìn fún èyí tó ṣe ipò kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, níbi eré Preakness ní ìlú Baltimore, eré kò tíì jìnnà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀yìn rẹ̀ fi ṣẹ́. Edgar Prado tó gùn ún fà á dúró lójú ẹsẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dì í mú. Eegun ẹsẹ̀ náà ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó lé ní 20.

Fún ọ̀pọ̀ ẹṣin, orí pápá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń parí, kì í sì í ṣe ìwà ìkà ló ń fà á. Ẹṣin kò lè ṣe bí èèyàn tó ṣẹ́ ẹsẹ̀, tó máa dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì kí eegun lè jinná. Ẹran tó wúwo tó 500 kílò ni, ìnàró ló fi ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, ó tilẹ̀ lè tòògbé lórí ìdúró. Bí ẹsẹ̀ kan kò bá ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn yòókù ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Nínú pátákò ẹṣin, ẹran tín-ín-rín kan wà tó tò léra wọn bí ojú ìwé, òun ló so pátákò mọ́ eegun. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lórí ẹsẹ̀ kan fún ìgbà pípẹ́, ẹran yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, eegun á sì máa rì sísàlẹ̀ nínú pátákò. Ohun tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní laminitis nìyẹn. Ìrora rẹ̀ kò ní àfiwé, nítorí pé gbogbo ìgbésẹ̀ ni ẹṣin náà fi ń tẹ orí ọgbẹ́ ara rẹ̀.

Roy àti Gretchen Jackson, tọkọtaya tó ni Barbaro, lówó, wọ́n sì fẹ́ràn ẹran wọn. Wọ́n gbé e lọ sí New Bolton Center, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Pennsylvania. Lọ́jọ́ kejì ni Dókítà Dean Richardson ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó fi irin pẹlẹbẹ kan àti ìṣó oníyíyí 27 to eegun náà pọ̀. Inú odò àgbẹ́ ni wọ́n gbé e sí kó tó jí lójú oorun, lórí ohun tó ń léfòó, kó má baà ta ẹsẹ̀ kó tún ṣẹ́ ẹ nígbà tó bá ta jí. Nígbà tí mo kà nípa omi yẹn, mo gbà pé ìwòsàn gidi ni wọ́n ń ṣe. Àrùn ni wọ́n ń wò, wọn kò sì fi nǹkan kan pamọ́.

Ní oṣù Keje, ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn, èyí tó ti ń ru ẹrù èkejì rẹ̀, kó laminitis. Wọ́n gé èyí tó tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún pátákò náà kúrò. Síbẹ̀ ẹṣin náà ń jẹun, wọ́n ń mú un jáde lọ jẹ koríko, wọ́n ń fún un ní oògùn ìrora, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ ọgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọdún 2006 fi ń lọ sópin, wọ́n ti ń sọ pé bóyá yóò kúrò nílé ìwòsàn. Oṣù Kíní ọdún 2007 ló yí padà. Ẹsẹ̀ òsì tún bàjẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún tí wọ́n ti tò kó egbò, àìsàn pátákò wá mú àwọn ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ẹran tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró kò ní ọ̀kan mọ́ tó lè gbé ara lé. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tó fi lọ.

Àwọn kan ní ó yẹ kí wọ́n ti jẹ́ kó lọ lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, àwọn kan ní ó yẹ kí wọ́n tún gbìyànjú sí i. Ní tèmi, ohun tí àwọn olówó rẹ̀ àti dókítà fi ń díwọ̀n ló tọ́. Wọn kò díwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú owó tí wọ́n ti ná, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹkún ara wọn ni wọ́n fi díwọ̀n. Ẹṣin náà ni wọ́n ń wò lójoojúmọ́: ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ń sinmi, ṣé ara ṣì ń yá a láti jáde? Ní gbogbo ìgbà tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àrùn ṣì ni. Nígbà tó di bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò bá ikú du òkú.

Nílé tiwa, ọ̀nà méjì tó lòdì síra ni a fi ń ṣẹ̀ sí òwe yìí.

Àkọ́kọ́ ni pé a máa ń pe àrùn ní ikú. Ọmọ ajá oṣù mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, olówó rẹ̀ ní kí wọ́n lọ gbé e jù. Bó bá jẹ́ parvo ni, àrùn tó kárí ayé láti ọdún 1978, lóòótọ́ ó ń pani, ó sì ń yára pani, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ajá tí wọ́n bá tètè fa omi sí lára, tí wọ́n sì tọ́jú dáadáa, ló ń yè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kò bá mú un rárá sì wà. Mo mọ̀ pé owó kò sí, n kò sì ní fi ẹnu kẹ́gàn ẹni tó ń wá owó oúnjẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́ pé owó ló wọ́n wa, ká má ṣe sọ pé ikú ló dé.

Èkejì ni pé a máa ń wo ikú bí ẹni ń wo àrùn. Ajá ọdún 14 tí kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, tàbí abo ajá tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí kò lè dìde, tó ń yàgbẹ́ sára, tí egbò ti dá sí ìbàdí rẹ̀, la tún ń bẹ dókítà pé kó fún ní abẹ́rẹ́ míì, omi míì. Ìbànújẹ́ tiwa la ń wò nígbà yẹn. Ara ajá la fi ń ṣe oògùn rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí kì í wo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wọ́n á gbé ajá tó ń kú sínú búùtù mọ́tò, wọ́n á lọ já a sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà kan tó jìnnà, wọ́n á pe ọmọkùnrin àdúgbò pé kó fi igi là á lórí, tàbí kí wọ́n po oògùn eku mọ́ ẹja fún un, ẹni tó ní ìgbàgbọ́ nínú ọwọ́ tó ń bọ́ ọ. Oògùn eku kì í pa ajá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀ka 495 òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún ní gúúsù Nàìjíríà ní kí ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹran lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí kó san 50 náírà. Àádọ́ta náírà kò ra búrẹ́dì kan lónìí. Kò yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ààlà ti dé? Ní ọdún 2004, dókítà ẹranko ará Amẹ́ríkà kan, Alice Villalobos, ṣe ìwọ̀n kan tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò káàkiri. Ó ní kí olówó ẹran fún ohun méje ní máàkì, látorí òdo dé 10: ìrora àti mímí, oúnjẹ, omi, ìmọ́tótó, ìdùnnú, rírìn, àti bóyá ọjọ́ rere pọ̀ ju ọjọ́ burúkú lọ. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá ju 35 lọ, a lè máa tọ́jú rẹ̀ lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Kí èèyàn mú kàlẹ́ńdà ara ògiri, kó fàmì sí ọjọ́ tí ara rọ ajá náà àti ọjọ́ tí kò rọ̀ ọ́. Àánú lè pa ojú wa dé, kàlẹ́ńdà kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ọjọ́ náà bá sì pé, iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀ tàbí màìgádì. Abẹ́rẹ́ tó máa fi ara rẹ̀ balẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni dókítà á wá iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀, á sì fi oògùn oorun bíi pentobarbital sí i, èyí tó pọ̀ ju ohun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Ọpọlọ ló kọ́kọ́ ń sùn, mímí á dúró, ọkàn á tẹ̀ lé e, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú rẹ̀ kì í sábà dé. Ó lè mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí kí iṣan rẹ̀ gbọ̀n lẹ́yìn tó ti lọ tán; ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ó ṣì ń jìyà. Oògùn náà kì í kúrò nínú ẹran rẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, ajá mìíràn tàbí igún kò sì gbọ́dọ̀ kàn án. Ilẹ̀ jíjìn ni kí wọ́n sin ín sí.

Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí, pé kí ló kàn wọ́n láti gba ẹ̀mí ajá. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni, n kò sì ní fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ Iléyá. Àwọn àlùfáà máa ń kìlọ̀ pé kí ọ̀bẹ mú dáadáa, kí wọ́n má ṣe pọ́n ọn lójú àgbò, kí àgbò kan má sì rí bí wọ́n ṣe ń dú èkejì. A ti gbà tipẹ́ pé bí ẹ̀mí ẹran bá máa bọ́ lọ́wọ́ wa, kó bọ́ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Èyí tí a fẹ́ jẹ la ṣe ìyẹn fún. Kí ló dé tí èyí tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ wa kò fi lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Àrùn kan wà tó fi ààlà òwe yìí hàn kedere ju gbogbo wọn lọ, òun ni dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dún káàkiri ayé, ajá ló sì ń kó o ràn wọ́n jù lọ. Kí àmì rẹ̀ tó yọ lára ẹni tí ajá bù jẹ, àrùn ni: omi àti ọṣẹ lójú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún abẹ́rẹ́. Bí àmì bá ti yọ, ikú ló ti dà, ìbáà jẹ́ lára èèyàn tàbí ajá. Ajá tó bá ti ya dìgbòlugi kò ní ìwòsàn, kí dókítà yára gbà á lọ́wọ́ oró ló kù. Kí ẹ má ṣe fi igi fọ́ orí rẹ̀, torí inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ àrùn náà wò, ní ibi bíi ilé ìwádìí Vom ní ìpínlẹ̀ Plateau tó ti wà láti ọdún 1924. Ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tó bu èèyàn jẹ ńkọ́? Kí wọ́n tì í mọ́lé, kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ẹni tó bá sáré pa á ti pa ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹran tó ti ń darúgbó, ẹ má ṣe dúró di òru tí yóò máa ké. Ẹ wá dókítà ẹranko tó ní ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ wọn, nítorí àwọn tó ń gún ajá ní abẹ́rẹ́ kiri ojúlé kọ́ ni gbogbo wọn kàwé rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta. Ẹ béèrè ohun tó lè ṣe fún ìrora, iye tó máa ná yín, oògùn tó máa lò, àti bóyá yóò wá sílé. Ẹ béèrè báyìí, nígbà tí ajá náà ṣì ń jẹun.