Ẹ yé pe ṣáwá ní ẹja tálákà

1/ Ẹ̀yin ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀ lónìí. Tí ẹnì kan bá gbé fọ́tò ìrẹsì síbí, tí ṣáwá wà lórí ẹ̀, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀: "Ṣé nǹkan ti le tó báyìí ni?" "Ẹja tálákà!" Àmọ́ tó bá jẹ́ salmon, ẹ máa béèrè orúkọ ilé oúnjẹ náà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.

2/ Ṣáwá kéré lóòótọ́. Inú òkun ló ń gbé, ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ló ń rìn. Àwọn nǹkan tíntìntín tó ń léfòó nínú omi ló ń jẹ, kì í sì í pẹ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí májèlé mẹ́kúrì kì í fi í pọ̀ lára ẹ̀ bíi ti ẹja ńlá tó ń pa ẹja ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ jẹ. Omega-3 tí ẹ tìtorí ẹ̀ ń ra oògùn olówó ńlá, ó wà lára ẹ̀.

3/ "Ó léegun jù." Ẹ gbọ́, ẹnì kan ló ń bá yín ṣa eegun yẹn nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Ẹ ti dàgbà. Ẹ ṣa á fúnra yín, tàbí kí ẹ dín in kó gbẹ dáadáa, kí ẹ rún un mọ́ ọn.

4/ Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bí mi nínú. Ní etíkun Mauritania, Senegal àti Gambia, ẹja tó ń bọ́ mẹ̀kúnnù ni bonga àti sardinella, ìdílé ṣáwá náà ni wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń rà á ní ọkọ̀-ọkọ̀, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń gbẹ ẹ́, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúná bí èlùbọ́. Kì í ṣe fún èèyàn o! Òkè òkun ló ń lọ, kí wọ́n fi bọ́ ẹja ọ̀sìn àti ẹran ọ̀sìn. Salmon ọ̀sìn wà lára àwọn tó ń jẹ ẹ́.

5/ Ẹ ṣírò ẹ̀. Bíi kílò 4 sí 5 ẹja tútù ló ń di kílò 1 ìyẹ̀fun yẹn. Lọ́dún 2021, Greenpeace àti Changing Markets gbé ìwádìí jáde: ẹja tí wọ́n ń lọ̀ báyìí lágbègbè yẹn lé ní ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ́dún, ó sì lè bọ́ èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 33. FAO náà ti kìlọ̀ pé wọ́n ti ń pa sardinella ibẹ̀ ní àpajù.

6/ Ta ló ń jìyà ẹ̀? Àwọn ìyá tó ń yan ẹja. Kí wọ́n tó ná ọjà tán, iléeṣẹ́ ti sanwó, ọkọ̀ ti gbé e lọ. Ní Gunjur, ní Gambia, omi ọ̀sà kan pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 2017, ẹja kú sínú ẹ̀, àwọn ará ìlú sì ní iléeṣẹ́ tó wà nítòsí ló fà á.

7/ "Kí ló kàn wá?" Ó kàn yín. Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ń kó sardinella oníyìnyín Mauritania wá. Èyí tí wọ́n bá ti lọ̀, kò lè dé ọjà wa mọ́.

8/ Ibi tí mò ń lọ rèé: ohun tá a bá ti pè ní ti tálákà, kò sẹ́ni tó máa jà fún un. Ta ló fẹ́ bi ìjọba léèrè nítorí ẹja tí gbogbo wa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́? Àwọn tó ń lọ̀ ọ́ mọ iyì ẹ̀. Àwa tó yẹ ká jẹ ẹ́ là ń tijú. Ohun tá a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.

9/ Tẹ́ ẹ bá lówó salmon, ẹ máa jẹ ẹ́, mi ò bá yín jà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá tún rí ṣáwá nínú abọ́ ẹnì kan, ẹ bi í pé níbo ló ti rà á, èló sì ni. Tí kò bá sí ìbéèrè, ẹ panu mọ́.