Ìdáwó Ilé-Ìwé: Ká Ka Ìwé Owó, Ká Tó Dìbò

   

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí á jọ rò. Ọ̀rọ̀ ìdáwó ilé-ìwé ni. Ní abúlé tiwa, nígbà tí a kọ́kọ́ fẹnu kò sí ìdáwó yìí, a ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san 1.500 sẹ́fà lọ́dún, fún ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta náà ti pé. Kí àwọn ọmọ tó padà sí ilé-ìwé, gbogbo òbí yóò pé jọ, a óò sì tún dìbò. Ṣé kí ìdáwó náà máa lọ, tàbí kí á fòpin sí i?

Mo ń gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́ igi àti lọ́jà. Àwọn kan ní, "Ìjọba ti sọ pé ọ̀fẹ́ ni ilé-ìwé." Àwọn kan ní, "Iṣẹ́ kọmúùnù ni, kì í ṣe iṣẹ́ wa." Àwọn mìíràn ní, "Ta ló mọ ibi tí owó àná wọlé sí?" Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí á dáhùn. Èrò tèmi nìyí: ẹ jẹ́ kí á dìbò pé kí ìdáwó náà máa lọ. Ṣùgbọ́n kí á tó dìbò, kí á ka ìwé owó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́. Òótọ́ ni. Òfin ńlá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ti ọdún 1990, sọ pé dandan ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti pé díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba yóò sọ ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé ìjọba di ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2006, ìjọba mú owó kúrò ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò, ọdún 2008 ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ohun rere ni. Èmi kò lè gbàgbé bí ó ti rí kí ó tó di ìgbà náà. Ní ọdún 1999, mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ka orúkọ àwa tí a kò tíì san owó. Wọ́n ní kí á máa lọ sílé. Mo gbé àpò mi kọ́ èjìká, mo lọ bá bàbá mi lóko. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀. Àgbàdo tí ó fẹ́ tọ́jú di ìgbà ọ̀wọ́n, ó kó o lọ sọ́jà, ó tà á ní pọ́ọ́kú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sílé. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé kí á má padà sí irú ìgbà bẹ́ẹ̀, mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá ní nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́, kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò náwó sí i. Ìjọba ń san owó oṣù olùkọ́. Ta ni yóò tún páànù tí ìjì ká kàn? Ta ni yóò ra ìṣó àti pákó fún àga tó ṣẹ́? Ta ni yóò ṣe ilẹ̀kùn ṣáláńgá àwọn ọmọbìnrin? Ọmọbìnrin tí kò rí ibi bo ara rẹ̀ yóò máa sá wá sílé. Tó bá pẹ́, kò ní í padà mọ́.

Ẹ̀yin yóò ní, "Iṣẹ́ kọmúùnù ni." Òótọ́ ni èyí náà. Òfin ọdún 1999 fi kíkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti títún un ṣe sí ọwọ́ kọmúùnù. A kò gbọdọ̀ gbé ẹrù yẹn kúrò lórí rẹ̀. Kíláàsì tuntun, kànga tuntun, ògiri tó fẹ́ wó, kọmúùnù ni kí á kọ ìwé sí, kí á sì máa tẹ̀lé ìwé náà títí wọn yóò fi dáhùn. Ṣùgbọ́n abúlé tí ó wà lábẹ́ kọmúùnù kan pọ̀. Bí ó bá jẹ́ nítorí ìṣó àti páànù méjì ni a óò máa dúró de kọmúùnù, òjò kò ní í bá wa dúró. Ohun ńlá, kí á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ kọmúùnù. Ohun kékeré, kí á fi ìdáwó ṣe é.

Ẹ sì rántí ohun tí àwọn òbí wa ṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó tán lápò ìjọba Bẹ̀nẹ̀, kò sì gba olùkọ́ tuntun mọ́. Àwọn ọmọ wà, ilé wà, olùkọ́ kò sí. Àwọn òbí dá owó jọ ní abúlé wọn, wọ́n fi gba olùkọ́ fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a mọ̀wé lónìí, irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ wa. Ó tó nǹkan bí ọdún 2008 kí ìjọba tó gba púpọ̀ nínú wọn sí abẹ́ ara rẹ̀. Ní Tógò pẹ̀lú, àwọn ará abúlé ló fi ọwọ́ ara wọn dá ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀, bí a ti ń ṣe é ní kíláàsì. Bí abúlé kan bá ní 120 ilé, tí ilé kọ̀ọ̀kan san 1.500 sẹ́fà, èló ni? Ó jẹ́ 180.000 sẹ́fà lọ́dún. Ní ọdún mẹ́ta, ó di 540.000. Ẹ wá pín 1.500 sí oṣù 12. Ó jẹ́ 125 sẹ́fà lóṣù fún ilé kan. Fún ẹnì kan ṣoṣo, owó kékeré ni. Fún ilé-ìwé, owó gidi ni.

Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ owó gidi, ó yẹ kí á mọ ibi tí ó lọ. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kẹta ti dé. Ní ìpàdé ọdún tó kọjá, a kò gbọ́ ìṣirò kankan. Wọ́n ní òjò ti ṣú, kí á tètè máa lọ sílé. Òjò ọ̀hún kò tilẹ̀ rọ̀. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni jalè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó gba owó ènìyàn kò gbọdọ̀ dúró kí wọ́n tó bi í léèrè. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà.

Nítorí náà, ìbínú yín tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí a óò bínú sí. Bí a bá dá ìdáwó dúró nítorí akápò, akápò yóò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ni yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí akápò kò bá ṣe dáadáa, akápò ni kí á pààrọ̀. Kí á má fi ọmọ san gbèsè àgbà.

Ní kíláàsì wa, ìyá kan gbé ọwọ́ sókè nígbà tí a ń kọ́ owó tó wọlé, owó tó jáde àti owó tó kù. Ó ní, "Olùkọ́, ọmọ mi, ṣé irú èyí náà ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́ òbí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá." Ó ní, "Kí ló dé tí wọn kò fi hàn wá rí?" N kò rí èsì fún un. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé náà, ọwọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ló sì ń wà. Ṣùgbọ́n owó tí a fi èdè Yorùbá gbà lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí wọ́n lè fi èdè Yorùbá ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni mo rò pé ó yẹ kí á béèrè ní ọjọ́ ìpàdé.

Èkíní, kí wọ́n ka ìwé owó ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní èdè wa, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé-ìwé. Kí á tó dìbò ni o, kì í ṣe lẹ́yìn ìdìbò.

Èkejì, kí á kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ lé ọmọ kankan jáde nítorí ìdáwó. Gbèsè àgbà ni, kì í ṣe gbèsè ọmọ. Opó tàbí aláìsàn tí kò ní owó, kí á fojú fò ó. Ẹni tó ní agbára ṣùgbọ́n tí kò ní owó, kí ó fi iṣẹ́ ọjọ́ kan san tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ìdáwó tuntun náà má ju ọdún mẹ́ta lọ. Ìdáwó tí kò ní òpin, owó orí ni.

Ẹ̀kẹrin, kí ìbò náà jẹ́ ìbò ìkọ̀kọ̀. Bí a bá ní kí á nawọ́ sókè, tálákà yóò máa wo ojú olówó, ìyàwó yóò máa wo ojú ọkọ. Ẹ jẹ́ kí á gbé ìkòkò kan sínú yàrá. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọlé ní òun nìkan. Ẹni tó gbà, kí ó ju ẹ̀wà kan sí i. Ẹni tí kò gbà, kí ó ju àgbàdo kan. Lẹ́yìn náà, kí á dà á sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kí á kà á. Kí obìnrin pẹ̀lú dìbò. Nínú owó ọjà wọn ni púpọ̀ nínú 1.500 yìí ti ń jáde.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti ka ìwé owó ńkọ́? Ẹ má dìbò rárá ní ọjọ́ náà. Ẹ ní kí á dá ọjọ́ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan kò pa ilé-ìwé. Ohun tí ń pa ilé-ìwé ni kí òbí máa sanwó nínú òkùnkùn títí yóò fi sú wọn, tí wọn yóò sì jáwọ́.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kí ẹ tó jókòó ti ìwé, ẹ mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ẹ mọ ohun tí àìmọ̀wé ti gbà lọ́wọ́ yín. Ìbò tèmi, ẹ̀wà ni yóò jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú mi yóò kọ́kọ́ wo ìwé. Ẹ̀yin náà, ẹ wá sí ìpàdé. Bí wọ́n bá ṣí ìwé owó, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ kà á fúnra yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà.