Ìrìn Tí Kì Í Ṣe Ti Ọjà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nínú ilé-ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ràn láti máa sọ, pàápàá nígbà tí a bá jọ ń ka ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Wọ́n ní ẹni tí ó ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn nínú igbó fún oṣù mẹ́fà, tí kò lọ rà, tí kò lọ tà, tí kò lọ kí ẹbí, tí ẹnikẹ́ni kò sì lé e, orí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, a kò ní í ta ọ̀rọ̀ wọn nù láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òtítọ́ kan fara pamọ́ sínú rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ọ̀nà tí a ní lọ́kàn ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Appalachian Trail. Ó bẹ̀rẹ̀ ní orí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó sì parí sí orí òkè Katahdin ní ìpínlẹ̀ Maine, ní ìhà àríwá. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì 2,190, ó sì la ìpínlẹ̀ 14 kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Benton MacKaye ni ó kọ àbá rẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1921; ní 1937 ni ọ̀nà náà já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kì í ṣe títì rárá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró ni, bí èyí tí ń lọ sí oko. Ọ̀dà funfun tí ó gùn ní ínṣì 6, tí ó fẹ̀ ní ínṣì 2, ni a kùn sára igi àti òkúta láti máa fi ọ̀nà han èrò. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà yóò lò tó oṣù márùn-ún sí méje, bẹ́ẹ̀ ni nínú ènìyàn mẹ́rin tí ó bá dáwọ́ lé e, nǹkan bí ẹnì kan ṣoṣo ni í parí rẹ̀.

Kí ni ó ń dá àwọn mẹ́ta yòókù padà? Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ẹranko ni. Lóòótọ́, béárì dúdú ń bẹ níbẹ̀, nítorí rẹ̀ ni èrò ṣe ń so oúnjẹ rọ̀ sórí igi ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kéékèèké ni ó sábà máa ń ṣẹ́gun ènìyàn. Bàtà tí ó ti tutù láti ọjọ́ mẹ́ta, tí a sì gbọ́dọ̀ tún ki ẹsẹ̀ bọ̀ nínú òtútù òwúrọ̀. Ẹsẹ̀ tí ó lé, tí ó ń ṣomi, tí ó sì ń wú, títí bàtà tí ó bá ẹni mu ní Georgia kò fi ní í gba ẹsẹ̀ mọ́ kí a tó rìn dé àárín ọ̀nà. Eégbọn tí ojú fẹ́rẹ̀ má lè rí, tí í fi àrùn Lyme sí ènìyàn lára, tí ibà àti oríkèé ríro ń tẹ̀ lé e. Omi odò tí ó mọ́ gaara lójú, tí a kò sì gbọdọ̀ mu láìsẹ́ tàbí láìsè. Ní Pennsylvania, òkúta ṣóńṣó-ṣóńṣó kún ojú ọ̀nà tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi lè gbé ojú sókè wo ewé igi. Ní New Hampshire, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni a fi ń gun òkè. Òjò ńkọ́? Òjò kì í béèrè bóyá a ti rẹ ènìyàn.

Ẹrù wà lẹ́yìn pẹ̀lú, nítorí aṣọ, àgọ́, ìkòkò àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni èrò ń gbé kiri. Ìwúwo yìí ń dun àwọn mìíràn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wọn kúrò. A rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ẹrù rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ rí kò ní í rẹ́rìn-ín pẹ́.

Ìdùnnú ibẹ̀ wá ńkọ́? Ibí yìí gan-an ni a ti yapa sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, tí wọ́n rò pé orí òkè ìkẹyìn nìkan ni ayọ̀ wà. Lójú ọ̀nà náà, àtíbàbà onígi tí ó lé ní 250 ni ó wà fún èrò láti sùn, ògiri mẹ́ta péré ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ lẹ́sẹ̀, tí ó ń gbọ́ òjò lórí páànù, ó ti ní ohun tí ọba nínú ààfin lè máà ní ní alẹ́ ọjọ́ náà. Àjèjì a máa gbé omi àti èso sí etí ọ̀nà fún ẹni tí kò mọ̀ rí, a sì bá tirẹ̀ lọ láìdúró gba ọpẹ́. Nítòsí ìdajì ọ̀nà, ní Pine Grove Furnace, ó ti di àṣà kí èrò jókòó jẹ áísìkiriìmù ìdajì gálọ́ọ̀nù tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwà ọ̀kánjúwà ni èyí ì bá jẹ́ níbòmíràn! Wọ́n tún ń sọ ara wọn lórúkọ. Àwa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbẹ̀, ìṣe ènìyàn àti ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń wò, tí adájọ́ àti alásè fi lè sùn sábẹ́ òrùlé kan náà kí wọ́n má sì mọ iṣẹ́ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti Ìyá Emma Gatewood, ará Ohio. Ìyá yìí bí ọmọ 11, ó ṣe iṣẹ́ oko, ọkọ tí ó fẹ́ sì lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kọ ara wọn sílẹ̀. Ní 1954 ó gbìyànjú ọ̀nà náà láti ìhà Maine, ó ṣìnà, ó padà sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní 1955, nígbà tí ó di ẹni ọdún 67, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ń lọ rìn díẹ̀. Àpò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé, pẹ̀lú aṣọ ìbora, ẹ̀wù òjò, àti aṣọ ọ̀rá tí a fi ń ṣe ìkélé ilé ìwẹ̀. Bàtà kánfáàsì ni ó wọ̀. Ó rìn ín dé Katahdin, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dá nìkan rìn ín tán láàárín ọdún kan. Nígbà tí àwọn oníròyìn yí i ká, kò fi oyin sí ọ̀rọ̀: ó ní ọ̀nà náà kò rí bí ìwé tí òun kà ti ṣe yìn ín. Síbẹ̀ ó tún padà rìn ín ní 1957. Ṣáájú rẹ̀, ní 1948, Earl Shaffer, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun àgbáyé dé, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì kú sí Iwo Jima, ti rìn ín já kí ó lè rìn kúrò nínú ìrántí ogun náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ẹni tí kò rí ìyà rí ni àwọn méjèèjì yìí. Àwọn fúnra wọn ni ó yan èyí. Òtítọ́ tí a ní ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa nìyí: ẹni tí ń rin ọ̀nà náà lè dúró nígbàkigbà tí ó bá wù ú, kí ó sọ̀ kalẹ̀ sí títì, kí ó wọkọ̀ lọ sílé. Ọmọdébìnrin tí ń pọn omi láti odò kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ó di olùkọ́ láìpẹ́ ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ fún ọmọ tí ó rin máìlì mẹ́rin wá sí ilé-ìwé pé ìrìn dára fún ara, àti pé ìyà ní í kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí bí wa nínú. Ọmọ náà mọ adùn ojú ọ̀nà rẹ̀ jù wá lọ; ó mọ ìdí igi àgbálùmọ̀, ó mọ ibi tí omi ti tutù jù, ó sì ní orin tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń gun òkè. Kò nílò pé kí a yìn ín fún un. Bí a bá fẹ́ ṣe nǹkan kan, kí a ṣe bí àwọn àjèjì Amẹ́ríkà nì: kí a gbé ìkòkò omi sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kí ẹni tí ó pẹ́ dé mu ún kí a tó béèrè ìdí tí ó fi pẹ́, kí pàṣán sì dúró síbi tí ó wà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa yóò bi wá bóyá àwa náà yóò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá lè san owó ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì fi bàtà kún un, a ó dìde lọ́la. Gààrí ni a ó gbé dání, nítorí kò fẹ́ iná, omi tútù tí a ti sẹ́ sì tó o. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ń gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀.