Pákó Mẹ́rin àti Aṣọ Funfun

Inú bí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ti ṣe fírídọ̀mù iṣẹ́ fọ́tò, ó jókòó sílé. Ọ̀gá rẹ̀ ní bí kò bá ra iná òyìnbó olówó gọbọi, kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ gbuu! Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ọ̀yọ́, pákó mẹ́rin ni mo kàn pọ̀, mo na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, mo gbé e sáàárín gílóòbù àti oníbàárà. Iwájú orí kò dán yinrin mọ́, òjìji abẹ́ imú sì rọ̀. Bí aṣọ bá ṣe fẹ̀ tó, tó sì sún mọ́ ojú tó, ni ìmọ́lẹ̀ ń rọ̀ tó. (Kó má kan gílóòbù o, kí ilé má baà jó!) Seydou Keïta tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Bamako lọ́dún 1948, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló fi ya ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ti gbowó ìkọ́ṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ fi pákó mẹ́rin pa mọ́ fún ọmọ náà?